Ọ̀rọ̀ "Dùn" àti Èjí Ìyá Rábì

Bí ẹ bá pàdé ìyá arúgbó kan ní Òkòkòmáìkò tó ń wo ẹnu yín kó tó wo ojú yín, ẹ má bínú, èmi ni. Iṣẹ́ ló bà mí jẹ́ bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe fún àwọn tí tiwọn ti yọ. Òmìnira kò tíì dé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ni mo tó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló dára kí àwọn kọ́. Èmi ò lè yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí tèmi ṣe bá mi, torí mi ò wá a lọ. Eyín ríro ló mú mi débẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ ní àbọ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni mí, Sùwébà ni wọ́n ń pè mí, ilé ẹlẹ́ja ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà náà, kò sí ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ ń rí yìí. Omi ni ọ̀nà wa. Ìyá Rábì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, a máa gbé ẹja yíyan lọ tà ní Kútọnu, nílẹ̀ àwọn Faransé. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn kí n máa bá wọn ru ẹrù. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Àjàṣẹ́, lọ́rì gbé wa dé Kútọnu. Lójú tèmi, òkè òkun ni mo lọ yẹn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àsíá ibẹ̀ yàtọ̀, owó ibẹ̀ yàtọ̀, búrẹ́dì wọn gùn bí igi ìdáná. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìyá Rábì ṣe rí. Obìnrin tó pupa ni wọ́n, wọ́n sanra níwọ̀n, wọ́n sì ní èjí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ iyì èjí mọ́: àlàfo tó wà láàárín eyín méjì iwájú, lókè. Elédùmarè ló ń fi í jíǹkí ènìyàn, a kì í rà á. Tí Ìyá Rábì bá rẹ́rìn-ín, oníbàárà á gbàgbé iye tó fẹ́ ná ẹja. Àwọn fúnra wọn mọ̀. Bí ọjà bá dákẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé síta kí wọ́n tó gbé igbá.

Ọjọ́ kẹta tí a dé Kútọnu ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí ro mí. Mo fi kànáfùrù sí i, mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, kò gbọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, n kò lè polówó ẹja mọ́. Àwọn obìnrin inú ọjà bá júwe ilé funfun kan fún wa ní àdúgbò náà, igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan ló ń tọ́jú eyín níbẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun, Màdáámù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ má sọ pé mi ò ní ẹ̀kọ́ tí mo bá ń pe àgbàlagbà ní "ó". Nígbà tí òun náà gbọ́ ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́, "ìwọ" ló ń pe gbogbo ayé, títí kan arúgbó. A jọ gbà á bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi ọwọ́ hàn mí kí n jókòó. Ó sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyá Rábì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ Yorùbá sí i pẹ̀lú ohùn òkè, bí ẹni pé etí ló di. Màdáámù rí ihò tó wà nínú eyín náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kan bíi maṣín ìránṣọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà ń yí, ó ń ké ṣíí. Ó gbé e sí eyín mi. Ha, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọpọlọ mi fẹ́ gba imú jáde.

Mo ké pé, "Ó ń dùn mí, ó ń dùn."

Màdáámù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mi orí, ó ní, "Dù? Wí, wí, dù." Ó sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Mo tún ké, "Ó ń dùn o." Inú rẹ̀ tún dùn sí i. Bí mo ṣe ń ké tó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá tó.

Bàbá kan wà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, Ègùn ni. Ẹkún mi ló mú un sáré wọlé. Mo gbọ́ Ègùn díẹ̀, ta ni ọmọ Ọ̀jọ́ tí kò gbọ́? Mo fi Ègùn bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún ìyá yìí pé ó ń pa mí. Bàbá náà wò mí, ó wo Màdáámù, ó bá bú sẹ́rìn-ín tó fi gbá ìgbálẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Òun ló là á yé wa. Lédè Faransé, "wí" ni bẹ́ẹ̀ ni, "dù" ni wọ́n sì ń pe ohun tó rọra, tó tuni lára. Mo ń ké ìrora, obìnrin yìí ń gbọ́ pé ọwọ́ òun ń tù mí lára.

Ẹ̀rín kúrò lójú Màdáámù. Ó bọ́ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bi bàbá náà pé àwọn obìnrin Yorùbá yòókù ńkọ́, àwọn tó ti ń jókòó sórí àga yìí tí wọ́n ń pariwo "dùn, dùn" láti ọdún méjì? Òun rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ẹ̀rín tún gba bàbá náà, ó tún di ìgbálẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni Màdáámù gún mi lábẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora erìgì, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó ṣe é tán. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti gba ẹnu bàbá náà bẹ Ìyá Rábì pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n máa gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn mi fún òun, kí òun sì máa kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kò gùn, Ìyá Rábì ló bá a sọ ọ́ tán.

Ìyá mi ní Ọ̀jọ́ ni kò gbà. Wọ́n ránṣẹ́ pé inú ẹnu ènìyàn kì í ṣe ibi tí ọmọbìnrin í lọ wá oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn fún mi láyè di ọdún Iléyá. Tó bá di ìgbà náà tí àwọn kò rí i pé iṣẹ́ tó ní láárí ni, kí Ìyá Rábì mú mi bọ̀, kí n wá jókòó ti ààrò ẹja. Mo mọ ìyá mi. Tí wọ́n bá ti sọ báyìí, ó ti tán. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo ní.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà le. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, màá fọ ọwọ́ dé ìgúnpá pẹ̀lú ọṣẹ, màá sì máa ka ení èjì lédè Faransé títí dé ọgọ́rùn-ún. Tí mo bá ṣi ẹyọ kan kà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ Faransé, inú ọṣẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Tí irin kan bá já bọ́, gbogbo irin tó wà nínú ìkòkò ni màá tún sè. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Màdáámù á ní kí n jókòó sórí àga, kí n ya ẹnu fún ogún ìṣẹ́jú, kò ní ṣe nǹkan kan fún mi. Ó ní ẹni tí kò mọ bí ẹnu ṣe ń rẹ ènìyàn kò gbọdọ̀ ní kí ẹlòmíràn ya tirẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ajé kẹwàá, mo ti ń fi imú kọrin lórí àga náà.

Yàrá kan wà lẹ́yìn tí Màdáámù máa ń wọ̀ lọ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe eyín. Ìda pupa, ìyẹ̀fun funfun tí a ń pò bí ẹ̀kọ tó sì ń le bí òkúta, fáìlì kéékèèké, eyín tí wọ́n tò sínú páálí bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbígbá ló ní kí n máa gbá ibẹ̀, kò ní kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Màá gbá a lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ojú mi ti wọ iṣẹ́ náà tán kí ọwọ́ mi tó kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n gba iwájú kọjá díẹ̀, torí àwọn ọmọ máa ń fẹ́ gbọ́ ti irinṣẹ́. Rọ́bà pupa ni a kọ́kọ́ fi ń ṣe erìgì, inú ìkòkò irin ni a ti ń sè é, ìkòkò náà á máa yọ èéfín bí ẹni tí inú ń bí. Lẹ́yìn náà ni ike dé, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ẹran ara, mo jó lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ẹ̀rọ oníná dé, iná sì máa ń lọ nígbà tí ènìyàn bá ti ya ẹnu tán. Mo ṣiṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, mo ṣe ní Ìbà, Òkòkòmáìkò ni mo gbẹ́yìn sí. Nígbà tí báráàkì dé, àwọn ṣọ́jà tí kì í bẹ̀rù ìbọn ń di ọwọ́ mi mú kí n má tíì bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń gbẹ́ eyín báyìí. Ó dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ Kútọnu. Màdáámù ní kí n kọ́ òun ní Yorùbá, kí òun lè máa bi àwọn aláìsàn ní nǹkan díẹ̀. Mo kọ́ ọ ní "ya ẹnu." Mo kọ́ ọ ní "tutọ́." Mo wá kọ́ ọ ní "dùn." Mo ní, "Màdáámù, dùn, ìrora ni." Ó fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó. Mi ò sọ fún un pé ṣúgà náà ń dùn, orin ń dùn, inú ń dùn. Kí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹni tí eyín ń ro kò wá sọ̀rọ̀ ṣúgà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Èmi sọ àbọ̀ fún Faransé, mo ní kó di odidi.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá kò, Ìyá Rábì bá dé. Wọ́n wá ta ẹja, kí wọ́n sì mú mi lọ sílé kí ìyá mi wá dá ẹjọ́ mi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní tí Ìyá Rábì bá fojú ara wọn rí bí mo ṣe ń ṣe, wọn ò ní lè fi mí sílẹ̀ láìgbè mí lẹ́sẹ̀. Ó sì bá a mu wẹ́kú, eyín kan ń yọ wọ́n lẹ́nu, lápá iwájú lókè. Mo mú wọn jókòó sórí àga bí ìyàwó. Màdáámù wò ó. Ihò náà wà láàárín eyín méjì tó fara ti ara wọn, ọ̀kan nínú wọn wà létí èjí gan-an. Láti ìta, ènìyàn kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló bàjẹ́. Àfi kí ẹni tó ni ín sọ èyí tó ń ro ó.

Màdáámù fún Ìyá Rábì lómi kan tó ń ta sánsán kí wọ́n fi yọ ẹnu. Àwọn obìnrin Yorùbá mẹ́ta jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Mo bá yọjú sí wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá kejì níbẹ̀. Mo ń ṣàlàyé irinṣẹ́ fún wọn, ẹnu mi ń sáré, mo ń ju ọwọ́.

Nínú ilé, Màdáámù fi irin kékeré kan eyín èjí Ìyá Rábì, ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ: "Dùn?"

Ìyá Rábì, tí omi náà ṣì wà ní ahọ́n wọn, rò pé omi ló ń bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dùn gan-an, ẹ ṣeun."

Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, Màdáámù ti gún abẹ́rẹ́, ó ti fi ẹ̀mú fà á, eyín náà sì wà nínú àwo. Eyín funfun báláú, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tèmi lọ́jọ́ yẹn, eyín lohùn: ó ti yọ, kò ṣeé dá padà. Ìyá Rábì béèrè dígí. Wọ́n wò ó.

Wọ́n ní, "Sùwébà, èjí mi dà?"

Ojú tì mí. Màdáámù bi mí pé kí ló dé, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ní ó ń dùn. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, mo sọ odidi ọ̀rọ̀ náà lédè méjì. Mo ní ẹ̀bi Màdáámù kọ́, ẹ̀bi Ìyá Rábì kọ́. Èmi ló mọ ìtumọ̀ méjì, tí mo fún un ní ẹyọ kan, tí mo wá jáde lọ ṣe fáàrí.

Ìyá Rábì ní kí n lọ di ẹrù mi. Wọ́n ní ìyá mi sọ ọ́, àwọn ni àwọn ń ṣagídí. Màdáámù gbọ́ "ẹrù", ó lóye. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn tó ti yọ eyín tó bàjẹ́ gan-an láìgba kọ́bọ̀, ó dì mí lápá mú, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, ó ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́. Wọlé." Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Màdáámù kọ́kọ́ ṣe eyín méjèèjì náà papọ̀ fúnra rẹ̀, èmi ń po nǹkan fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi sí ẹnu Ìyá Rábì, ó fún wọn ní dígí. Eyín náà tò gbọọrọgbọ, ó kún, kò sí àlàfo kankan. Ìyá Rábì wo dígí, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Omijé bọ́ lójú wọn.

Màdáámù ní kí ni ó tún kù? Ó ní nílùú òun, owó ni wọ́n ń san kí wọ́n lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Láti oṣù méje, mi ò tíì jà á níyàn rí. Mo ní, "Rárá, Màdáámù. Àlàfo yẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹwà ni." Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó na fáìlì sí mi, ó kúrò lórí àpótí ìjókòó rẹ̀.

Mo ba àkọ́kọ́ jẹ́. Mo ba èkejì jẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀, mo ń rántí ẹ̀rín Ìyá Rábì láti kékeré mi, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá tà, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa. Ẹ̀kẹta ni mo fi sí ẹnu wọn. Wọ́n gbé dígí, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bá rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró. Mo bú sẹ́kún. Màdáámù wò wọ́n, ó wò mí, ó ní òun ò mọ̀ pé àlàfo lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú ènìyàn.

Ìyá Rábì ní èmi àti àwọn ti parí tiwa, ó ku ìyá mi.

Ìròyìn ti gba orí omi dé Ọ̀jọ́ ṣáájú wa. Ọjọ́ tí a gúnlẹ̀, ìyá mi ti dúró sí èbúté, ọwọ́ wọn wà ní ìbàdí. Wọn ò kí mi. Wọ́n di àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n wọn mú, wọ́n ní, "Wọ́n ní òyìnbó yọ èjí yín, ọmọ mi ló sì fà á. Ẹ yanu."

Ìyá Rábì yanu. Ìyá mi wò ó. Wọ́n yí wọn sí oòrùn, wọ́n tún wò ó. Mo dúró sínú omi dé orúnkún, àpótí wà lórí mi, mi ò lè sọ̀ ọ́. Ìyá mi ní, "Èwo ni wọ́n yọ?"

Ìyá Rábì ní, "Mú un."

Wọ́n tọ́ka sí ọ̀kan. Ìyá Rábì ní kì í ṣe èyí. Wọ́n tọ́ka sí òmíràn, kì í ṣe é. Ìyá Rábì wá fi ahọ́n tì í, eyín méjèèjì bọ́ papọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìyá mi fà sẹ́yìn. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n bi mí, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́jọ, pé, "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ṣe eléyìí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n dá eyín náà padà fún ẹ̀gbọ́n wọn. Mo rí i tí wọ́n ń fi ahọ́n wá inú ẹnu ara wọn, níbi tí eyín iwájú méjì ti ká kúrò láti ìgbà tí wọ́n bí àbúrò mi. Wọ́n ní, "Tí o bá padà sí ọ̀hún lẹ́yìn Iléyá, oṣù mélòó lo máa fi ṣe tèmi? Kó sì ní èjí o."

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin ò ní èjí rí."

Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́?"